Ẹni Tí Ń Ka Èémí

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Alojzy fi wọ inú ilẹ̀ lọ
ní Zabrze, níbi tí yìnyín ti máa ń dúdú kó tó balẹ̀.
Èédú ló ń wà, èédú ló fi bọ́ wa,
èédú náà ló wá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀
bí àlejò tí kò béèrè ọ̀nà ilé mọ́.

Dókítà ní kó tún padà sábẹ́ ilẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ṣé ihò tó gba èémí lọ́wọ́ ọkọ mi
ni yóò tún dá a padà?
“Ti àná, ihò èédú ni, ìyá. Èyí, ihò iyọ̀ ni.”

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síhà ìlà-oòrùn.
Àpótí irin gbé wa sọ̀kalẹ̀, ó tó igba mítà,
àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tí àyà wọn ń dún fíì-fíì, àti èmi.
Funfun ni ògiri. Funfun ni àjà.
Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò mí.
Lóòótọ́, iyọ̀ ni.

Bogna, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,
òun ló ń kọ́ àwọn bàbá àgbà bí wọ́n ṣe ń mí!
“Ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ gbé àpò iyọ̀ kékeré yìí lé ìdodo.
Bí ẹ bá mí sínú, kí àpò dìde;
bí ẹ bá mí síta, kó wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyà sinmi.”
Àpò Alojzy kò mì. Èjìká rẹ̀ ló ń lọ sókè sódò
bí ẹni tó ń jìjàkadì.
Ó bú. Ó ní òun ò tìtorí àtiru iyọ̀ wá síbí.

Lọ́jọ́ kejì: “Ẹ fà á gba imú. Ẹ sú ẹnu jọ,
ẹ fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná
tí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ mọ̀ pé ebi ń pa òun.”
Èyí yé e.
Lórí àtẹ̀gùn ilé tí a wọ̀ sí, níbi tó ti ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta,
ẹ̀ẹ̀kan péré ló dúró,
ó sì ní fèrèsé ni òun ń wò.

Òmíràn wà tí wọ́n ń dí ihò imú ọ̀tún kí ti òsì gbà á wọlé,
kí wọ́n dí òsì, kí ti ọ̀tún tú u sílẹ̀.
Ginter ní imú òun ti ṣẹ́ láti kékeré, apá kan ò níṣẹ́ lọ́wọ́.
Ẹ̀rín di ikọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bogna ní, “Ẹ sé e. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,”
Alojzy dìde jókòó.
Ó ti sé e rí, lọ́dún tí gáàsì gbiná;
ó sé e nínú òkùnkùn, orúkọ ló ń kà:
Pyrlik. Wochnik. Szołtysek.
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
“Ẹ má sé e mọ́, bàbá,” Bogna rọra wí. “Ẹ kùn bí oyin.”
Ó pa ẹnu dé, ó kùn.
Ginter gbà á. Gbogbo wọn gbà á.
Iyọ̀ gbà á lẹ́nu wọn, ó gbé e gba inú ògiri
wọ inú egungun àyà èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lóru ọjọ́ náà mo ń kà, bí mo ti ń kà láti ilé ìyàwó.
Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ìró bàtà ni mò ń kà;
nígbà tó fẹ̀yìn tì, ikọ́.
Mo ka ogójì, kò hú.
Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí àwọn ẹyẹlé rẹ̀ tó mọ ilé.

Mo gbé àpò iyọ̀ rẹ̀ lé ikùn ara mi.
Kò mì.
Èmi Trudka, tí dókítà kankan ò kọ̀wé fún,
ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti sé èémí.
Mo sú ẹnu jọ nínú òkùnkùn.
Mo fẹ́ ọbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.